Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Ẹ Ò Jí Mọ́

Ọmọ mi àtàtà, ìyá ẹ kí ẹ o. Bá mi kí ìyàwó ẹ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn. Eyín ló kù tó ń yájú sí mi.

Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí tún kánẹ̀lì Línọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe, ó ní kánẹ̀lì yẹn ni ọkàn kọ̀ǹpútà. Ó pa ti àtijọ́ rẹ́ kó tó dán tuntun wò. Ó fẹ́ fo ibẹ̀ yẹn nínú lẹ́tà yìí, mo ní, "Kọ ọ́, olóríkunkun!" Ta ní ń ju kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ nù kí tuntun tó ṣílẹ̀kùn? Ní báyìí, tá a bá tàn án, á ní òun ò rí díìsìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, á dúró gbagidi.

Inú ẹ̀ ni ìwọ̀n gbogbo aṣọ iléèwé tí ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ rán wà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń bọ̀ lọ́la, ó ní ńṣe lòun máa nu gbogbo ẹ̀ dànù. Fóònù ẹ ò lọ, ló jẹ́ kí n fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ sí ẹ lónìí. Jọ̀ọ́, tètè sọ bá a ṣe máa fi fúláàṣì jí i. Ọlọ́run á dá ẹ sí fún mi.

Mo ti gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, èmi ni á kọ́kọ́ gbé.