Ẹ̀rọ Afọ̀nàhàn Tí Kò Mọ Àmì Ohùn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú iṣẹ́ oko tí mo mọ̀ pé òjò yóò ti kó bá yín ní Ifẹ̀wàrà báyìí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà. Mo kí Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tó dúró ti oko kòkó Bàbá. Bọ́sẹ̀, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, àmọ́ inú ń bí mi sí ọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé tí o bá ń ka lẹ́tà mi fún Màmá, ńṣe lo máa ń fo ibi tó bá ń dẹ́rù bani. Ìdí nìyí tí mo fi fi èyí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Gbogbo Iléṣà ni yóò kà á, a óò wo ibi tí wàá fò.

Màmá, ẹ ní kí wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé aṣálẹ̀ máa ń gbé èèyàn mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti purọ́ fún yín. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù kékeré.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ni mò ń wà fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga lẹ́yìn ìlú Agadez, ní ilẹ̀ Nìjẹ̀. Oòrùn ibí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ tiwa. Iyanrìn wà nínú oúnjẹ, ó wà nínú etí, ó wà nínú Bíbélì mi. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, èmi nìkan ni mo máa ń kọrin ìjọ nínú ọkọ̀, tí mo bá dé ibi tó yẹ kí àwọn obìnrin gbè é, màá dákẹ́ díẹ̀ dè wọ́n.

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń rìn nínú oko láìwo ilẹ̀, torí pé ó mọ gbogbo pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Níbí, kò sí pèrègún, kò sí igi kankan. Ipa táyà tí a fi sílẹ̀ lánàá, atẹ́gùn ti gbá a lónìí. Bàbá arúgbó kan, ọmọ ibẹ̀, ló ń mú wa lọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Nígbà náà ni ọ̀gá wa ní kí èmi àti Múráìnà yan ọ̀kan nínú ẹ̀rọ afọ̀nàhàn méjì tí oníṣòwò kan gbé wá.

Múráìnà ni ọmọ Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo tí mo ti sọ fún yín, awakọ̀ bíi tèmi. Òun nìkan ni mò ń bá sọ Yorùbá níbí, òun náà ló sì ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà mi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ti ní mò ń lọ sí “ulé”, yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bá pa “ulé” tì, mo ń sọ “ilé” bíi ti inú ìwé.

Àwọn ẹ̀rọ yìí, jípíẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Sátẹ́láìtì tó wà lókè ọ̀run ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Níbi tí o bá dúró sí, wàá tẹ̀ ẹ́, wàá sọ ibẹ̀ lórúkọ. Lọ́jọ́ mìíràn, tí o bá mú orúkọ yẹn, ọfà kan yóò máa nà sí apá ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ìkejì tóbi, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kàn án mọ́, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń lò. Múráìnà ní ńlá yẹn ni ọkùnrin ń lò. Èmi ní kékeré ló wù mí. A jiyàn títí ọ̀gá fi ní ká gbé méjèèjì lọ sí kànga kejì, ká fi dán wọn wò.

Mo ń tọ́jú kékeré, Múráìnà ń tọ́jú ńlá. Kí a tó kúrò ní ibùdó wa, mo kọ ILE sínú tèmi, torí pé ibẹ̀ là ń sùn. Lẹ́tà ńláńlá nìkan ló ń gbà, kò gba àmì ohùn, kò gba àmì tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà.

A lọ ire. Nígbà tí a ń bọ̀, ibà dá Múráìnà wó sẹ́yìn ọkọ̀, bátìrì tèmi náà kú. Mi ò bẹ̀rù. Mo yíjú sí ẹ̀rọ ńlá, mo wo orúkọ tí Múráìnà kọ síbẹ̀. Mo rí IBUDO, mo rí ILE. Màmá, ta ló máa rí ILE tí kò ní mú un? Mo mú un, mo tẹ̀ lé ọfà, mo tilẹ̀ ń súfèé. Lójijì ni ọkọ̀ rì wọ inú iyanrìn rírọ̀ títí dé ìdí.

Múráìnà gbórí sókè, ó wo ẹ̀rọ, ó figbe ta. Ó ní ilẹ̀ ni òun kọ síbẹ̀, ilẹ̀ burúkú tí a yà fún nígbà tí a ń lọ, pé kí a má baà gba ibẹ̀ bọ̀. Ilé tèmi, ilẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ kọ méjèèjì bákan náà. Mo bú u, ó bú mi.

Omi wa kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ńlá ń nàka sí ibùdó dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti kàn án mọ́ ọkọ̀, kò lè bá mi rìn. Ẹ̀rù bà mí débi pé eyín mi ń gbá ara wọn nínú oòrùn yẹn. Múráìnà ló rántí rédíò kékeré rẹ̀. Mo yọ bátìrì inú rẹ̀, ó wọ inú ẹ̀rọ mi. Mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà sílẹ̀ fún un. Ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún mi, ó sì júwe ilé wọn l'Ókè-Baálẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́, àmọ́ mo ń gbọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń rìn, tí mò ń wo ọfà ju bí mo ṣe ń wo iwájú lọ, títí mo fi rí àgọ́ wa lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ibùdó gbé ọkọ̀ mìíràn lọ, wọ́n bá Múráìnà láàyè. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Kékeré la yàn. Múráìnà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọ̀gá, pé ẹ̀rọ tó lè bá èèyàn fẹsẹ̀ rìn ni kó rà.

Lọ́jọ́ Ajé, a tún ń lọ, ibẹ̀ sì jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti fọwọ́ síwèé pé kànga kẹta yóò tán kí n tó wá sílé, kò sí bí mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ẹ fi tèmi ṣe àdúrà kíkankíkan, ẹ fi ti Múráìnà náà kún un. Ẹ kí ìyáàfin àlùfáà, ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tó ń ká kòkó. Olúwa yóò da ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fojú sunkún wa.

Ibùdó wa, IBUDO lásán ni mo pè é nínú ẹ̀rọ tuntun yìí. Àmọ́ mo wo Iléṣà nínú máàpù ọ̀gá, mo tẹ òǹkà tó ń sọ ibi tó wà sínú ẹ̀rọ, mo sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń pè é: ULE. Múráìnà rí i, kò rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé wọn ò rí mi, Màmá, ẹ ní kí wọ́n wá ẹ̀rọ ọwọ́ mi. Ọ̀dọ̀ yín ni ọfà rẹ̀ yóò nà sí.

Ọmọ yín tó ń bọ̀ wá sí ulé,
Fọlọ́runṣọ́