Kèké Alága ní Edgewater

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé 1986

Kíláàsì tuntun. Olùkọ́ wa — Irùngbọ̀n ni màá máa pè é níbí, torí irùngbọ̀n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé — sọ̀rọ̀ Gíríìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní nígbà tí àwọn ará Áténì bá fẹ́ yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa bá wọn ṣèjọba, wọn kì í dìbò. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹni tí kèké bá mú, ọdún kan ni tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ará ìlú padà. Àwọn ọ̀gágun ni wọ́n ń dìbò yàn, torí ogun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi lé oríire lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo bi í pé àwọn obìnrin ńkọ́. Ó ní wọn ò sí níbẹ̀. Àwọn ẹrú náà ò sí níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi á mú èyí tó wúlò nínú ẹ̀, màá fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Yìnyín. Ṣíìfù méjì léra wọn ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Evanston. Ẹsẹ̀ mi kú.

Àìkú, 9 Èrèlé

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Edgewater. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé gogoro ní Sheridan Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Bí a ṣe ń gbàdúrà ni ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ń kùn. Mo tún gbé ọ̀rọ̀ mi dìde: ilé ẹ̀kọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè máa gbọ́ Yorùbá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Stella, ọmọ mi, rí Ẹ̀gbọ́n Adéwọ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà lónìí, ó ju ọwọ́ sí i, ó ní, "Hi." Ojú tì mí dọ́kàn.

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín músẹ́. (Ẹ̀gbọ́n Adéwọ̀yìn ni Kábíyèsí mi, alága wa láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.) Ó ní, "A ó wò ó." Gbogbo ilé ní, "A ó wò ó." Ó parí.

Kò sẹ́ni tó máa ta kò ó. Òun ló lọ pàdé èyí tó pọ̀ jù nínú wa ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, òun ló bá wa wá ilé, òun ló ra kóòtù àkọ́kọ́ tí Gabriel ọkọ mi wọ̀ ní ìlú yìí. Bí a bá sì fẹ́ yan alága, ọwọ́ la máa ń nà sókè, níṣojú rẹ̀. Ta ni ò ní nawọ́? Lọ́dún tó kọjá, mo na tèmi náà. Inú ṣì ń bí mi sí ọwọ́ yẹn. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa yàn án, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá nǹkan ṣe.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Róòmù lónìí. Wọ́n lé ọba wọn lọ, wọ́n wá fi èèyàn méjì sípò ẹnì kan. Ọdún kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ní ká lọ, èkejì lè ní ká dúró. Mo ní ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń sọ fún Aláàfin pé ó tó gẹ́ẹ́. Irùngbọ̀n dá ẹ̀kọ́ dúró, ó ní kí n wá síwájú kí n ṣàlàyé. Mo lọ. Mo sọ ọ́ dáadáa.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ń wo àwọn òpó ńláńlá iwájú báǹkì láti ojú wíńdò bọ́ọ̀sì. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló dá a láṣà. Wọ́n wò ó kọ ni. Wọ́n yá òpó, wọ́n yá sẹ́nétọ̀, wọ́n yá orúkọ oṣù pàápàá. Ẹgbẹ́ Edgewater náà lè yá kèké.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Mo ti rí i. Bí a bá dìbò, ẹnì kan ní láti dojú kọ Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí kèké bá mú ẹlòmíì, ta ló rí Ẹ̀gbọ́n fín? Kò sẹ́nì kankan. Àwọn ará Áténì ò mọ̀ pé àwa ni wọ́n ṣe é fún.

Mo sọ fún Gabriel níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ìyá Stella, o fẹ́ fi àwọn Gíríìkì lé àgbàlagbà kúrò lórí àga." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Mo pe Mùstàfá, akọ̀wé wa. Apòògùn ni lẹ́nu iṣẹ́, áfáà ni nílé. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kèké jọ tẹ́tẹ́, ó tún jọ iṣẹ́ aláyẹ̀wò, òun ní láti wo inú ìwé ná.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Ó pè padà. Ó ní bí Ànábì bá ń lọ sí ìrìn àjò, kèké ló ń ṣẹ́ láti mọ èyí tó máa bá a lọ nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Gabriel náà ṣí Bíbélì, ó ní àwọn àpọ́sítélì fi kèké yan ẹni tó gba ipò Júdásì. Áténì, Mèdínà, Jerúsálẹ́mù, gbogbo wọn ti gbà fún mi.

Àìkú, 23 Èrèlé

Kò dáa kí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èmi àti Gabriel wakọ̀ lọ sí Tinley Park, níbi tí Ẹ̀gbọ́n kó lọ láti ìgbà ìkórè. Mo kúnlẹ̀, mo jókòó, mo rò ó fún un tán. Ó bi mí bóyá olúkúlùkù ló máa kọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé èmi náà. Mo ní èmi náà, sà.

Ó ní ó dáa. Ó tètè gbà jù. Mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Ó ku ọ̀la. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo dá Áténì sílẹ̀.

Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Agolo gúgúrú Kérésì la lò. Mo ṣàlàyé: kí olúkúlùkù kọ orúkọ ara rẹ̀, kó ká a, kó jù ú sínú agolo. Àkọ́kọ́ tó bá jáde ni alága, èkejì ni igbákejì. Ọdún kan. Gbogbo wọn kọ, Ẹ̀gbọ́n náà kọ. Mo kọ tèmi gàdàgbà. Sìmíátù la ní kó fà á — nọ́ọ̀sì ni, jẹ́jẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè bá a jà.

Ó dijú, ó fa ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Adéwọ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbé e mì, kèké ni kèké. Ó fa ti igbákejì. Ẹ̀gbọ́n Adéwọ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sìmíátù rò pé ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra, ó tún fà á. Ohun tí wọ́n kọ sínú èyí ni, Alága wa, Ẹ̀gbọ́n Adéwọ̀yìn, sà.

Mo dìde, mo da ohun tó wà nínú agolo sórí tábìlì. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan náà, oríṣiríṣi ìkọ̀wé. Bí mo ṣe ń ṣí i ni wọ́n ń wolẹ̀. Méjì péré ló yàtọ̀, orúkọ tèmi ló sì wà nínú méjèèjì. Èmi ni mo kọ ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni.

Ó dìde. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa kúrò," ó ní. "Bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ ó pàtẹ́wọ́. Ìyá Stella rò pé mo jókòó pa sórí àga. Ẹ̀yin lẹ dè mí mọ́ ọn."

Ó wá sọ ti ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tí òun ò ní lè dúró tì, ìdí nìyẹn tí òun fi ń sọ pé a ó wò ó. Ojú mi wálẹ̀.

"Kèké ti fún mi ní ọdún kan," ó ní. "Àṣẹ kan ṣoṣo ni màá pa nínú ẹ̀. Ìyá Stella ni alága. Èmi ti retire."

Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mo kó wá nìyí, bí Késárì ṣe ń fa àrólé kalẹ̀ nìyí, ibẹ̀ gan-an ni Róòmù ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Mo pe Mùstàfá láti ibi iṣẹ́. Ó ní, "Ìyá Stella, ta ló máa kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú agolo tí Ẹ̀gbọ́n wà? I thought èmi nìkan ni mo ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rò. Mo dé ilé, mo bi Gabriel ní orúkọ tó kọ. Ó ń fọ abọ́, ó fọ abọ́ kan náà títí. Ọkọ tèmi. Mo bá a jà. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun bá ẹni tó ra kóòtù fún òun du ipò ni. Ẹ̀rín pa mí, mo sì ṣì ń bínú.

Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Mo sọ ọ́ fún kíláàsì. Irùngbọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìparí sáà, òun á fún mi ní A. Mo ní alága ni mí, kó fún mi lásán.

Mo tún rò ó. Bó ṣe dé ọwọ́ mi ò dáa, ṣùgbọ́n èmi mọ bó ṣe yẹ kí n lò ó. Ọdún kan. Kí olúkúlùkù máa sọ tinú rẹ̀. Kò ní sí pé ẹnì kan ló sọ ọ́, ó parí.

Àìkú, 13 Igbe

Ìpàdé mi àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ò wá, ó ní òun ń gbin tòmátì. Mo wọ ìró tuntun. Mo gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Sátidé kalẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní èrò míì sọ ọ́, kó má bẹ̀rù. Mo dúró. 

Mùstàfá ní, "Ohun tí Madam bá ti sọ náà ni."

Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí kan àwọn tó jù mí lọ dáadáa. Sìmíátù nìkan ló lanu díẹ̀. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń ṣe overtime, kò ní rí ẹni tó máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó wo ojú mi, ó pa ẹnu dé.

Mo rí i. Kò ní ná mi ní nǹkan kan láti bi í pé, Sìmíátù, kí lo fẹ́ sọ? Mo ní, "Ó tán, a gbà á," mo sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún, Gabriel pàápàá, nítorí náà ibí ni màá kọ ọ́ sí: ó dùn mọ́ mi gan-an ni.