Egungun Màámi Ń Hù Wọnú Irin

Ẹ kú ilé o, Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ilé wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún Màámi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Mo kí Ìyá Ọ̀yọ́, mo kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń bá wa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù Màámi ní Takie. Mo ní kí oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta kó lè dé ọwọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ráyè kọ ọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òtútù ìlú òyìnbó níbí ò ṣeé fẹnu sọ. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń ṣètò, èwo ló ń gbéra, èwo ló pẹ́. Ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ òwò náà nìyẹn, bí a ṣe ń mú nǹkan yá. Kí Màámi tó dé, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ má dààmú nípa owó iṣẹ́ abẹ Màámi, a ti yanjú ẹ̀.

Ẹ mọ̀ bí oríkèé ìbàdí wọn ṣe jẹ, tí wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀. Dókítà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó fi irú irin náà hàn mí. Mo rò pé á máa dán bíi ṣíbí ni. Rárá o! Ara rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn. Mo bi í pé ta ló ṣe é ní àṣetì báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Egungun Màámi fúnra rẹ̀ ló máa hù wọnú ihò wọ̀nyẹn, tí á sì dì í mú. Bàbá, ẹnu mi ò lè pa dé. Egungun àgbàlagbà, tó tún máa hù bíi ti ìkókó!

Mo ní kí la lè ṣe kó yá? Ṣé oògùn ni, àbí oúnjẹ? Ó ní kò sí. Òun ti ki irin náà wọ inú egungun pinpin, ó kù kó má mì. Bó bá ń mì, ẹran rírọ̀ ló máa hù dípò egungun, irin náà á sì máa yẹ̀. Nítorí náà, Màámi ò gbọdọ̀ fi agbára tẹ ẹsẹ̀ yẹn, wọn ò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ pè wá láti ilé tẹlifóònù ní Ọ̀yọ́, mo gbé fóònù lé Màámi lọ́wọ́, mo wọ ilé ìdáná. Nígbà tí mo máa padà, orí eékún ni mo bá wọn, igi tí wọ́n fi ń tilẹ̀ ti ṣubú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo figbe ta. Mo ní Bàbá ò kúkú rí yín! Wọ́n bi mí bóyá ohùn òkú ni àwọn ń gbọ́. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ti bà mí lórí jẹ́.

Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó ní ká máa retí. Ká máa retí! Èmi tí mi ò gbà kí ọkọ̀ pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ya òmíràn, ó gbé e síwájú iná, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi: níbi tí ìlà dúdú ti pààlà láàárín irin àti egungun tẹ́lẹ̀, funfun ti ń bò ó. Ó ti ń dì í mú! Kò pariwo, kò sí ẹni tó ń lé e níré. Mo dúró síwájú fọ́tò yẹn, omi ń bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n kò tíì dì tán, ẹ ó sì tún pè. Màámi ti gbà láti máa kírun lórí àga. Wọ́n ní Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí fóònù náà. Wọ́n ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda lóòótọ́, Bàbá Ọ̀yọ́ ni kò tíì yọ̀ǹda.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó béèrè àlàáfíà, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n jókòó. Ti yín nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Bí wọ́n bá sì délé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n dé ìlú òyìnbó, wọn ò kúnlẹ̀ mọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. N ó máa kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó jẹ́ ká fi ayọ̀ bá yín nílé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín, tó ṣì wà lórí eékún,
Àṣàkẹ́