Ohun Tó Ṣẹ́ Kíráǹkì Típà Yín

Bàbá mi àtàtà,

Típà yín ti dákẹ́. Abíjọ ló kú sí, pẹ̀lú ẹrù òkúta lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí Bàbá Ṣakírù, awakọ̀ yín, ń wà á lọ sí ọ̀nà èbúté Lẹ́kkí. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kò ṣe ẹnikẹ́ni. Kíráǹkì ló ṣẹ́ sí méjì nínú ẹ́ńjìnnì. Irin tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó kán bí ìrèké.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Bùọ̀dá Dàpọ̀ ló ń bójú tó ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ pọ̀ ní ọ̀nà èbúté, ó sì fẹ́ kó máa gbé ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí mẹkáníìkì ṣí pọ́ǹpù sí i kí dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé lè pọ̀, ó sì tún ra tọ́bò ńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì sí i. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù bó bá ń gun afárá Ajah.

Nígbà tó wá bàjẹ́, Bùọ̀dá kò wo ẹ́ńjìnnì. Bàbá Ṣakírù ló yíjú sí. Ó ní bàbá náà ló jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ, ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo awakọ̀ ní gáréèjì Ajah.

“Bàbá yìí ti darúgbó, kò rí géèjì mọ́!”

Ẹnì kan dáhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ fi awò ojú kún owó oṣù wọn,” gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ gáréèjì yẹn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ awakọ̀, kò sẹ́ni tí yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹni tó ti ń wakọ̀ fún yín kí n tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama wá di ẹni tó ń jókòó sílé láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo lọ wo ẹ́ńjìnnì náà fúnra mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní èbúté nìyẹn: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, èmi ni mo ń wá ohun tó bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló gbẹ, ara kíráǹkì ì bá ti jó dúdú. Ó ń dán. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ní ìlà lórí ìlà, bí iyanrìn etí òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Irin tó bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òjijì ló kán. Ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tipẹ́.

Mo bá yẹ púlì, irin róbótó tó wà lórí kíráǹkì, wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà láyé. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná nínú ẹ́ńjìnnì ni kíráǹkì ń lọ́ díẹ̀, tó sì ń tú padà, bí aṣọ tí èèyàn ń fún. Rọ́bà tó wà láàárín púlì ló ń gba ìgbọ̀n yẹn sára. Nínú tiyín, kò sí rọ́bà mọ́. Wọ́n ti jó irin mọ́ irin yíká. Ojú ibi tí wọ́n jó náà ti pẹ́, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì wà lórí rẹ̀, irú èyí tí ẹ kùn sára ilẹ̀kùn wa, ẹnu ọ̀nà wa àti àpótí ìdáná Màmá.

Kì í ṣe púlì tó bá ọkọ̀ náà wá, èyí tí ẹ rà rọ́pò rẹ̀ ni. Rọ́bà rẹ̀ yọ láìpẹ́, ó sì ń gbọ̀n. Ohunkóhun tó bá ti ń mì, ẹ̀yin a ní kí wẹ́dà jó o pọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Kíráǹkì fara dà á nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì kò pọ̀. Nígbà tí Bùọ̀dá fi agbára kún un, kò lè fara dà á mọ́. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí rọ́bà yẹn ń ṣe, àbí iṣẹ́ ló ń lé yín?

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣakírù ni mo kọ́kọ́ lọ, ní Bàdóórẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa púlì náà.

“Èmi ni mo gbé e lọ fún wẹ́dà. Mo ní ká ra òmíràn, bàbá rẹ ní kí n má dààmú àwọn.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Bùọ̀dá?”

“Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti wà nínú ilẹ̀, òun ni kí n wá ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn nítorí oúnjẹ? Rárá o, ọmọ mi.”

Mo gbé púlì náà lọ sí ọ́fíìsì Bùọ̀dá ní Igbó Ẹfọ̀n. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, ó jágbe mọ́ mi. “Ṣé Bàbá lo fẹ́ bà lórúkọ jẹ́?” Mo na púlì náà sí i. Ó fi ìka ra ọ̀dà àwọ̀ ewé yẹn títí.

Bàbá Ṣakírù ti ní àwọn kò ní padà àfi bí wọ́n bá wẹ àwọn mọ́ níbi tí wọ́n ti tàbùkù àwọn. Bùọ̀dá lọ sí gáréèjì. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró láàárín àwọn awakọ̀, Bàbá Ṣakírù náà wà níbẹ̀.

“Ẹ gbọ́ o. Bàbá Ṣakírù kọ́ ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bàbá wa ló jó púlì pọ̀, èmi ni mo fi agbára kún un. Ẹ dárí jì mí, bàbá.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣakírù kàn béèrè ìgbà tí púlì tuntun máa dé. “Oní-rọ́bà o!”

Bàbá mi, wọ́n ti dárúkọ yín mọ́ àṣìṣe ní gáréèjì Ajah, èmi ni mo sì gbé e débẹ̀. Mo rò pé ẹ ì bá ti sọ ọ́ fúnra yín bí ẹ bá wà níbẹ̀. Kò dá mi lójú, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi. Ohun tó dá mi lójú ni pé Bàbá Ṣakírù ti padà sídìí ọkọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì lè purọ́ fún yín.