Démétà Tó Kéré Lára Owó Idẹ

Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwẹ̀ Ńlá,
Kẹlibádà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Pánémù.

Olórí Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀,
Kẹlibádà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ LÓRÍ ÒRÌṢÀ ÀWỌN ARÁ MÓRÓSÀ TÓ KÉRÉ JÙ LÁRA OWÓ TUNTUN

Èmi ni Amíà, aya Papíà, tí ń ta ẹran yíyan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Owó idẹ tí ẹ fi ṣe àjọyọ̀ ìlàjà àwa àti àwọn ará Mórósà ló mú mi kọ̀wé. Orí Késárì wà lójú kan; kò sí ẹni tó ń bá a du àyè. Lójú kejì, Atẹ́mísì òrìṣà tiwa àti Démétà òrìṣà tiwọn ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí Démétà kò ga ju ìgbáròkó Atẹ́mísì lọ.

Ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, Tirokóńdà ará Mórósà wá tọrọ ọmọ mi, Tatíà, fún ọmọkùnrin rẹ̀. A jẹ, a mu, a dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Nínú ìdùnnú, mo fi ẹyọ kan nínú owó náà lé e lọ́wọ́, kó lè rí i bí ìlú méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń jà nítorí odò. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, “Ìyá Tatíà, ọmọ ta ni òrìṣà yín fà lọ́wọ́ yìí?”

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín: “Àna mi, ẹ máa fún un ní wàrà, yóò dàgbà.”

Tirokóńdà dìde. Ó ní òun kò ní wọ bodè yìí mọ́ títí òrìṣà àwọn yóò fi dàgbà. Ó gun ìbaaka rẹ̀ lọ. Ọmọ mi sunkún. Ọkọ mi kò rí ọbẹ̀ jẹ fún ọjọ́ méjì.

Èmi àti Tatíà lọ bá Gilíkọ́nì tó fín àwòrán náà. Mo bi í léèrè ohun tí Démétà ṣe é.

Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Atẹ́mísì ni mo kọ́kọ́ fín. Nígbà tó fi máa kan èkejì, àyè ti tán.”

Mo ní kó fín òmíràn. Ó ní bí òun bá dín Atẹ́mísì kù, àwọn ará ìlú yóò dáná sun ilé òun. Bí òun bá sì ní kí wọ́n dọ́gba, ìlú méjèèjì yóò máa fi okùn wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́.

Tatíà nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn òrìṣà méjèèjì jókòó. Ta ní í wọn gíga ẹni tó jókòó?”

Gilíkọ́nì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi parí rẹ̀, bí ẹ bá pàṣẹ. A ránṣẹ́ sọ ọ́ fún Tirokóńdà, òun náà sì ti ránṣẹ́ padà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ń bọ̀ pẹ̀lú ogójì èèyàn, kí n má ṣe ahun lórí ẹran.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ pàṣẹ. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí ni ìgbéyàwó. Iwájú ni ẹ ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olórí Ìgbìmọ̀ Mórósà. Mo ti wọn àga yín méjèèjì, wọ́n dọ́gba.

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ ìlú yín tòótọ́,
Amíà aya Papíà,
Ìyá Ìyàwó.