Tábìlì Tó Dagun ní Bódìjà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ pákó, ẹ kú ìfaradà ooru abẹ́ páànù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìbàdàn, ẹ̀yin àti Màámi. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí mo fẹ́ kí gbogbo Ṣakí bá yín kà á.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé, ẹ ní ilé wa ti pàdánù káfíńtà kan, pé ohun ìṣeré ni mo fẹ́ lọ máa kàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò ní purọ́. Bí òjò bá ti sé mi mọ́ yàrá ní Àgbowó, tí mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, òun ló máa ń wá sọ́kàn mi.

Ọ̀gá mi ní ilé eré kan ní Bódìjà. Ó ní kí n kan píńbọ́ọ̀lù fún òun: tábìlì onídígí tí bọ́ọ̀lù irin ń sáré lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣeré náà á máa tẹ bọ́tìnnì kí apá kékeré méjì tó wà nísàlẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè. Bó bá yọ́ láàárín wọn bọ́ sínú ihò, eré parí. Ọ̀gá ní bí àwọn èèyàn kò bá padà wá fi ṣeré láàárín oṣù kan, òun á tú u fi ṣe pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Bí ọmọ yín gan-an ni mo ṣe kàn án. Mo gbé ìgò omi lé e láti fi wo bó ṣe tẹ́jú sí, bí ẹ ti kọ́ mi, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, inú mi dùn. Bọ́ọ̀lù jókòó sójú kan, ó ń wò mí. Gbogbo ilé eré bú sẹ́rìn-ín.

Mo fi igi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí bọ́ọ̀lù lè máa yí wálẹ̀, ó tún wá dagun jù. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ kí ọwọ́ tó kàn án, àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ náà ń rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n bá tiwọn lọ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Èèyàn lè gbà kí òun pàdánù, ìrẹ́jẹ ni kò ní gbà. Mo dín igi náà kù díẹ̀díẹ̀. Mo ṣe é kí bọ́ọ̀lù tó bá tètè jábọ́ padà fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo fi iná sí ọ̀nà tó rọrùn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì la ọ̀nà tóóró kan sí òkè fún àwọn tí ọwọ́ wọn yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gun ọ̀kadà wá láti Apẹ̀tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pàdánù. Kò bú ẹ̀rọ o. Ó ní ọwọ́ òun ló pẹ́, pé ó ku díẹ̀ kí òun wọ ọ̀nà tóóró yẹn, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kó ọ̀rẹ́ méjì wá. Bàbá, mo fò sókè! Ọ̀gá mi ní kí n lọ ra pákó tí n ó fi kan èkejì.

Ẹ máa ń sọ pé káfíńtà kì í fi àmì rẹ̀ sí iṣẹ́ tí kò dá a lójú. Lánàá, mo rá wọ abẹ́ tábìlì náà, mo gbẹ́ ìlà mẹ́ta sí i, àmì tiyín tó wà lábẹ́ gbogbo àga ilé wa.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo ará ìsọ̀. Ẹ wá fojú ara yín rí i.

Èmi ọmọ yín,
Àdùfẹ́, káfíńtà.