Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Àárọ̀ Ìyá Kékeré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Orúnkún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pa, a kì í dáná láàárọ̀ mọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún wọn níléèwé ló ń gbé ọmọ ró. N ò sọ fún ọ, torí mo mọ̀ pé ẹkún lo máa sun kiri ibi iṣẹ́.

Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń pín oúnjẹ náà fún àwọn iléèwé, ó ń ṣèwádìí ohun tí àwọn ọmọdé ń jẹ kí wọ́n tó lọ síléèwé. Ó jókòó sórí àga wa tó ti ya, ó rọra bi ọmọ pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ìyá Kékeré wojú mi, ó káwọ́ sẹ́yìn: "Mo ti jẹun, mà. Mo yó." Orí mi wú! Àṣé òmùgọ̀ ni mí. Ṣebí bí a ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn, pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ fún àlejò pé ebi ń pa òun. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ọ́fíìsì ní àwọn ọmọ wa ń jẹun yó kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n bá gbé oúnjẹ náà lọ sí iléèwé mìíràn. Alásè iléèwé ti palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Kékeré ṣubú lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń kọrin àárọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wá fún mi, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.

Mo gba ọ́fíìsì obìnrin náà lọ. Mo pariwo níwájú gbogbo èèyàn pé irọ́ la pa, ebi ń pa wá! Ojú tì mí, n ò lè wo ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà sunkún. Ó ní òun ò bi wọ́n bó ṣe yẹ, àmọ́ àwọn ọmọ iléèwé kejì ti ń jẹ ẹ́, tiwa wá di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn náà lọmọ.

Nítorí náà, wá mú ọmọ rẹ. Mo mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo lẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sùn sí. Ẹ sún mọ́ra. N ò lè bọ́ ọmọ náà mọ́, ó sì dùn mí dọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Wàá jèrè ọmọ rẹ. Kò ní rẹ̀ ọ́ o.

Èmi ni ìyá tó bí ọ lọ́mọ,
Màmá

Àfikún: Tí o bá dé, má bi í bóyá ó ti jẹun. Oúnjẹ ni kí o gbé síwájú rẹ̀, kí o sì máa wo ibòmíràn.